Odò Pó ní ilẹ̀ Ítálì

Lónìí, a óò sọ̀rọ̀ nípa odò kan tí ń bẹ ní òkè òkun, ní ilẹ̀ Ítálì, ní apá gúúsù Úróòpù. Orúkọ rẹ̀ ni Pó. Òun ni ó gùn jù ní gbogbo ilẹ̀ Ítálì. Ó gùn tó kìlómẹ́tà 652. Ẹni tí ó bá ń rin kìlómẹ́tà 30 lójúmọ́ yóò rìn tó ọjọ́ 22 kí ó tó rìn ín tán.

Níbo ni odò náà ti ṣẹ̀? Òkè gíga kan ń bẹ nítòsí ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń pè ní Monviso. Lára òkè yìí ni omi ti ń sun jáde láàárín òkúta. Láti ibẹ̀, odò náà dojú kọ ìlà oòrùn. Ó kọjá ní ìlú Torino, ní Piacenza, ní Cremona. Lẹ́yìn náà ó pín sí ẹ̀ka púpọ̀, ó sì wọ inú òkun Adriátíìkì.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni odò Pó sábà máa ń kún lọ́dún. Ní ìgbà òtútù, yìnyín funfun bí òwú máa ń bo àwọn òkè apá àríwá. Nígbà tí ooru bá dé, ní nǹkan bí oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà, yìnyín náà á yọ́, á di omi. Ní oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá, òjò ni ó ń mú kí odò kún.

Odò yìí ń bọ́ ènìyàn púpọ̀. Wọ́n ń fa omi rẹ̀ wọ oko ìrẹsì àti oko àgbàdo. Ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí.

Omi tí ń sáré láti orí òkè máa ń ru ẹrẹ̀ wá. Nígbà tí ó bá dé ilẹ̀ títẹ́jú, kì í sáré mọ́, ẹrẹ̀ náà á sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ará ibẹ̀ ti mọ odi erùpẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ odò méjèèjì. Nítorí náà ẹrẹ̀ kò lè tàn ká inú oko mọ́. Inú odò ni ó ń kó jọ sí, ìsàlẹ̀ odò sì ń ga sí i. Bí ó ti ń ga, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi kún odi. Nígbà tí odò bá kún, omi á ga ju oko àti ilé lọ.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ nítòsí òkun. Láti ọdún 1938 títí dé ọdún 1961, wọ́n ń fa omi tí ó ní gáàsì jáde láti inú ilẹ̀. Ilẹ̀ náà rì, níbòmíràn ó ju mẹ́tà 2 lọ. Ìjọba ni ó fòpin sí i.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1951, lẹ́yìn òjò ńlá, odi já nítòsí Occhiobello. Omi bo agbègbè Polesine. Nǹkan bí ènìyàn 100 ni ó kú. Àwọn tí ó fi ilé wọn sílẹ̀ ju 180,000 lọ. Púpọ̀ nínú wọn kò padà mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣọ́ odi? Nígbà tí odò bá kún, àwọn ènìyàn á máa rìn lórí odi tọ̀sán tòru. Nígbà mìíràn omi á gba abẹ́ odi, á máa sun jáde ní ẹ̀yìn rẹ̀. Bí omi yìí bá ru, erùpẹ̀ ìdí odi ni ó ń gbé lọ nì yẹn. Wọn kì í dí i pa, nítorí omi á wá ojú mìíràn. Wọ́n á to àpò iyanrìn yí i ká bí ẹnu kànga. Omi á gòkè nínú rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á sì máa ti èyí tí ń bọ̀ padà. Bí omi náà bá wá mọ́, ọkàn wọn á balẹ̀ díẹ̀.

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ní ọdún 2022, yìnyín kò tó lórí òkè, òjò kò sì rọ̀ dáadáa. Odò Pó fà gan-an. Omi iyọ̀ láti inú òkun wọ inú odò, ó ju kìlómẹ́tà 20 lọ. Ìrẹsì púpọ̀ gbẹ lóko. Odò kan náà tí à ń mọ odi dè ni a tún ń wá omi rẹ̀ kiri.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò:
1. Kí ni ó ń mú kí ìsàlẹ̀ odò Pó máa ga sí i?
2. Kí ló dé tí wọn kì í dí ojú omi ẹ̀yìn odi pa?
3. Ní abúlé yín, bí omi bá kún, ta ni ó kọ́kọ́ ń rí i? Báwo ni ó ṣe ń sọ fún àwọn yòókù?