Ọ̀mùtí kò nílò ẹ̀gàn: ipa òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn nínú dídín àmujù ọtí kù ní Lẹkki àti Ajah

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ọ̀rọ̀ àmujù ọtí ṣe rí nìyẹn ní agbègbè Lẹkki àti Ajah. Láti Jakande títí dé Badore àti Sangotẹdo, àwọn tó ń ta paraga máa ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti àárọ̀ kùtùkùtù. Awakọ̀, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ àti òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ sì wà lára àwọn oníbàárà wọn. Nínú àwọn ẹ́sítéètì olówó, ọtí ìgò ni wọ́n ń mu, ògiri gíga kì í sì í jẹ́ kí aládùúgbò tètè mọ̀ pé ọtí ti gba ilé lọ́wọ́ onílé. Iye owó ọtí yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń bàjẹ́ kò yàtọ̀: ẹ̀dọ̀, iṣẹ́, ìgbéyàwó àti ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ.

Nínú àbọ̀ ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2024, wọ́n ní ọtí ló fa ikú mílíọ̀nù 2.6 ènìyàn lágbàáyé ní ọdún 2019 nìkan. Nílẹ̀ wa, àjọ NAFDAC bá àwọn tó ń pọn ọtí ṣe àdéhùn ní ọdún 2018 pé ọtí inú ọ̀rá àti ti ìgò kéékèèké yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin náà múlẹ̀, àmọ́ ariwo pọ̀, wọ́n sì sún un síwájú di ìparí ọdún 2025. Títí ọdún náà fi ń parí lọ ni àríyànjiyàn ṣì ń lọ lórí rẹ̀. Òfin dára, nítorí ohun tó bá wọ́n nílẹ̀ tí owó rẹ̀ sì wọ́n, ènìyàn kò ní rà á lárààjù. Ṣùgbọ́n òfin kì í béèrè ìdí tí ènìyàn fi ń mutí. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn, àwọn tí aráàlú ń pè ní wẹ́fíà, nìyẹn.

Ìpele mẹ́ta ni iṣẹ́ wọn pín sí. Àkọ́kọ́ ni ìdènà. Wọ́n ń lọ sí ilé ìwé, gáréèjì àti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé láti ṣàlàyé ewu ọtí. Wọ́n ń kìlọ̀ fún aboyún pé àgbo tí a fi ògógóró rẹ lè ṣe ọmọ inú rẹ̀ ní jàǹbá. Wọ́n sì lè bá ẹni tó ń ta paraga wá òwò mìíràn tí yóò máa fi jẹun.

Ìkejì ni títètè mọ̀. Ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀, tó ń fi hàn bóyá ọtí ti ń di ewu fún ènìyàn. Bí wọ́n bá bi í pẹ̀lú sùúrù, láìsí èébú, ọ̀pọ̀ ló lè dín ọtí kù kó tó di bárakú.

Ìkẹta ni ti ẹni tó ti di bárakú fún. Níbí ni àṣìṣe àwọn ẹbí ti máa ń pọ̀ jù. Wọn a tì í mọ́ yàrá, tàbí kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà, kó má baà rí ọtí mu mọ́. Èyí léwu gidigidi. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọtí, bí ó bá dá a dúró lójijì, ó lè máa gbọ̀n, kí gìrì gbé e, kó máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, ó sì lè kú. Ọsibítù ló yẹ kó lọ, irú èyí tó wà ní Yaba láti ọdún 1907.

Bí ó bá sì padà délé, iṣẹ́ wẹ́fíà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Òun ni yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò bá ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí yóò dáàbò bo ìyàwó àti ọmọ bí ìyà bá ń jẹ wọ́n, tí yóò sì mú un mọ ẹgbẹ́ àwọn tó ti fi ọtí sílẹ̀, bíi Alcoholics Anonymous tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1935.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, l'Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn alárùn ọpọlọ ti ń gbé láàárín ará abúlé tó yí ọsibítù ká, tí ẹbí wọn sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ètò náà fi han ayé pé ẹbí àti àwùjọ wà lára oògùn.

Ní ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó dá ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tí yóò máa bójú tó iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ó kù kí òfin náà dé ẹsẹ̀ kùkú. Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ Ẹtí-Ọ̀sà, ẹgbẹ́ awakọ̀, ilé iṣẹ́ ìkọ́lé àti ẹgbẹ́ onílé ní ẹ́sítéètì pawọ́ pọ̀ kí òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn lè wà nítòsí ibi tí ọtí wà, nítorí ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹbí tí ọ̀rọ̀ kàn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ìtìjú dí wọn lọ́wọ́ títí tí ọ̀mùtí yóò fi ṣubú. Àìsàn ni àmujù ọtí, àìsàn sì ṣeé wò.