Gbọ́, gbà, ṣe: ìfèsì lórí rédíò ọkọ̀ òfurufú

Gbọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ìtumọ̀ rẹ̀ kọjá kí etí mú ohùn. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ èdè náà. Ọmọ tí ó gbọ́ràn ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe. Bí ìyá kan ní Àkúrẹ́ bá pe ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Araromi-Obu lórí fóònù pé kí ó wálé ní Sátidé, tí ọmọ sì fèsì pé ‘Mo ti gbọ́, mà’, ìyá yóò gbé ìkòkò kaná dè é.

Láàárín awakọ̀ òfurufú àti adarí tí ó wà nílé ìṣọ́ pápákọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ gbé ìkòkò kaná. ‘Roger’ kò jẹ́ ju pé ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ kẹ́yìn dé etí mi pátá. Kì í ṣe ìlérí, kì í sì í ṣe ‘bẹ́ẹ̀ ni’. ‘Wilco’ ni ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yé mi, n ó sì ṣe é. Nítorí náà, ‘Ọ̀rọ̀ yín dé etí mi’ ni kí ògbufọ̀ lò fún ti àkọ́kọ́, kí ó lo ‘N ó ṣe bẹ́ẹ̀’ fún èkejì. Kí ó yẹra fún gbà: ‘Mo gbà á’ lè jẹ́ pé ó tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó sì tún lè jẹ́ pé mo fara mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ ni náà ní ewu tirẹ̀. Bí adarí bá bèèrè pé ‘Ṣé ẹ kò tíì kúrò lójú pápá?’, ‘Bẹ́ẹ̀ ni’ Yorùbá túmọ̀ sí pé a ṣì wà níbẹ̀. Elédè Gẹ̀ẹ́sì lè gbọ́ ọ ní òdì kejì. Ẹ yọ ‘kò’ kúrò nínú ìbéèrè: ‘Ṣé ẹ ti kúrò lójú pápá?’

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò lórí rédíò ní ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú ní Zaria àti ní Ìlọrin. Ìwé ìròyìn, fíìmù àti àlàyé fún àwọn òbí wọn ni ó nílò Yorùbá, ibẹ̀ ni ìtumọ̀ sì ti máa ń yà bàrá. Àṣẹ láti gbéra tàbí láti balẹ̀ kò sì ṣeé fi ‘Roger’ lásán dá lóhùn. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ tún un sọ padà, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ọ̀nà àti orúkọ ìpè ọkọ̀ rẹ̀, kí adarí lè mọ̀ bóyá ohun tí òun sọ ni ó gbọ́.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, kùrukùru bo pápákọ̀ Los Rodeos ní Tenerife. Awakọ̀ KLM kan sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó lè túmọ̀ sí ‘a ti ń gbéra’ tàbí ‘a ti wà níbi ìgbéra’. Èkejì ni adarí rò. Ó fèsì pé ‘OK’ kí ó tó ní kí wọ́n dúró. Ohùn Pan Am sì bọ́ sórí ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀, ariwo lásán ni ó kù. Bàálù méjèèjì kọlu ara wọn, ènìyàn 583 kú. Láti ìgbà náà wá, ìgbà tí a bá ń fúnni láṣẹ ìgbéra tàbí tí a bá ń gba àṣẹ náà padà nìkan ni a ń dárúkọ ìgbéra. Ẹ fi gbéra sílẹ̀ fún ìyẹn nìkan, kí ẹ lo kúrò níbi yòókù. Yorùbá kò tilẹ̀ lè sọ gbólóhùn KLM yẹn láìyan ọ̀kan: ‘a ń gbéra’ kì í ṣe ‘a wà níbi ìgbéra’.

Nọ́ńbà ni ó le jù. Ojú ọ̀nà pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Èkó ń jẹ́ 18 bí ọkọ̀ bá dojú kọ gúúsù, ó ń jẹ́ 36 bí ó bá dojú kọ àríwá. Bí ariwo bá gbé ìbẹ̀rẹ̀ ‘eéjìdínlógún’ mì, ‘ogún’ ni yóò ṣẹ́kù. Ẹ pè é ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ‘oókan, ẹẹ́jọ’, bí wọ́n ti ń ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, eéje àti ẹẹ́jọ jọra, ẹẹ́ta àti ẹẹ́fà náà jọra. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá yí ìpè 5 sí ‘fife’, ó yí ti 9 sí ‘niner’. Bí mo bá fẹ́ dán ètò kọ̀ǹpútà tí ń fetí sí Yorùbá wò, nọ́ńbà mẹ́rin yìí ni n ó kọ́kọ́ pè sí i.

Ní ti ọ̀wọ̀, ẹ lo ẹ níhà méjèèjì. Adarí kò rí ojú akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì mọ ọjọ́ orí adarí. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ‘ẹ jọ̀wọ́’ àti ìkíni gígùn kúrò, nítorí ẹnìkan ṣoṣo ni ó lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí ìkànnì náà, àwọn ọkọ̀ mìíràn sì ń dúró.