Ní ti Aṣọ Gbígbó àti Bàtà Ẹni Tí Ó Ti Sùn

Opó kan nínú ìjọ wa ní Ìkìrun yìí tọ̀ mí wá pẹ̀lú àpò kan lọ́wọ́. Agbádá ọkọ rẹ̀ tí ó ti sùn ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí ọrùn rẹ̀ ti ya, àti bàtà rẹ̀ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ ní apá kan. Oníwàásù kan ti wí fún un pé kí ó sun wọ́n ní iná, nítorí pé ẹni tí ó bá pa aṣọ òkú mọ́ ti bá òkú dá májẹ̀mú. Ó bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?”

Kí n tó sọ èsì tí mo fún un, ó yẹ kí a wo ohun tí aṣọ gbígbó jẹ́ lójú àwọn baba wa. Wọ́n a máa wí pé, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ kíyèsí i pé àkísà ni àgbà fi ń yangàn níhìn-ín, kì í ṣe aṣọ titun. Owó lè ra aṣọ titun ní òòjọ́, ṣùgbọ́n ọdún ni ó ń sọ aṣọ di àkísà. Òjò ti pa olúwarẹ̀ nínú rẹ̀, òógùn rẹ̀ ti wọ inú òwú, ìgúnpá rẹ̀ sì ti dá apá ẹ̀wù lu. Nítorí náà ni ẹ̀rù àti ìfẹ́ fi pàdé lórí aṣọ kan náà. Ẹni tí ń bẹ̀rù pé ọ̀tá lè fi aṣọ ara òun ṣe òun ní ibi, àti ọmọ tí ń fi ìró ìyá rẹ̀ tí ó kú bora sùn, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì gbàgbọ́: pé bí ènìyàn bá tilẹ̀ bọ́ aṣọ sílẹ̀, nǹkan kan lára rẹ̀ a kù sínú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i ní kedere, ẹ wo ẹ̀kú tí eégún ń wọ̀. Ọ̀kan wà tí ìdílé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ rán láàrin nǹkan bí 1920 sí 1948, tí ó ti wà láti 1998 ní ilé tí a ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní Brooklyn ní Amẹ́ríkà, tí a sì pàtẹ rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 2019. Ó ju 300 aṣọ lọ tí a rí lára rẹ̀, ti Áfíríkà, ti Yúróòpù àti ti Éṣíà, aṣọ lé aṣọ. Èmi kì í ṣe alágbàwí eégún, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò jẹ́ sọ pé àwọn tí ó rán an kò mọ ohun tí aṣọ jẹ́.

Bàtà ní tirẹ̀ kò tí ì pẹ́ láàrin wa tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà wa ni ó ń fi ọwọ́ gbé e rìn títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó má baà tètè jẹ. Agbádá bàbá a máa gba ara ọmọ, ṣùgbọ́n bàtà gbígbó, ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo ni ó mọ̀.

Mo ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 9 fún opó náà. Nígbà tí Tàbítà kú ní Jọ́ppà, àwọn opó dúró ti Pétérù, wọ́n ń sọkún, wọ́n sì ń fi ẹ̀wù tí ó rán hàn án. Lóòótọ́ ni ó ní kí wọ́n bọ́ sí òde kí òun lè gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò bá wọn wí nítorí aṣọ náà. Mo wí fún un pé, bí ó bá ń bọ aṣọ náà, kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ọkọ rẹ̀ ni ó ń rántí, kí ó pa á mọ́ láìbẹ̀rù.

Ó gbé àpò rẹ̀ padà lọ sí ilé. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ, ó ya agbádá náà sí méjì, nítorí gbogbo ìyá ni ó mọ̀ pé aṣọ tí ó ti gbó ni ó rọ̀ sí ara ìkókó. Bàtà náà ṣì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.