Mẹ́mórì tó ń tún àṣìṣe ṣe: ṣé ó pọn dandan fún sáfà inú ilé?

Ní Àjùwọ̀n, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹni tó bá fẹ́ kó fọ́tò ìgbéyàwó, fídíò ìkómọ àti ìwé ilẹ̀ ẹbí sínú sáfà kékeré kan (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì) nílé yóò bá ìbéèrè kan pàdé: ṣé RAM (mẹ́mórì kọ̀ǹpútà) lásán ni kó rà, àbí ECC, èyí tó ń tún àṣìṣe ṣe? ECC ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kí owó kọ́kọ́ bá lọ.

Àmì méjì, 0 àti 1, ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ ohun gbogbo. Ìtànṣán láti òfurufú, tàbí RAM tó ti ń bàjẹ́, lè sọ 0 kan di 1 láìsí ẹni tó mọ̀. Lọ́jọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2003, níbi ìdìbò ní Schaerbeek, ní Belgium, ẹ̀rọ fi ìbò 4,096 kún ti olùdíje kan. Ìbò ọ̀hún pọ̀ kọjá ohun tó lè ṣeé ṣe, àṣírí sì tú. Bí a bá sọ 1 di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀méjìlá, 4,096 náà la ó bá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbà pé àmì kan ṣoṣo ló yí padà nínú mẹ́mórì.

Richard Hamming, ní Bell Labs, ló gbé ọgbọ́n títún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe jáde ní ọdún 1950. Lónìí, RAM ECC sábà máa ń fi àmì 8 ṣe ẹlẹ́rìí fún àmì 64. Bí ẹyọ kan bá yí, á dá a padà. Bí méjì bá yí, á pariwo.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn sáfà Google, tó jáde ní 2009, fi hàn pé láàárín ọdún kan, bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ẹ̀rọ náà ló rí irú àṣìṣe yìí. Ètò ìtọ́jú fáìlì bíi ZFS lè mọ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́ lórí dísíìkì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti bàjẹ́ nínú RAM kí ZFS tó gbà á, èdìdì òtítọ́ ni yóò lù mọ́ irọ́, ẹ̀dà tí ẹ bá sì ṣe yóò gbé irọ́ náà lọ.

Síbẹ̀, iná tó lọ lójijì nígbà tí dísíìkì ń kọ nǹkan lọ́wọ́ ni ewu tó sún mọ́ wa jù. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ra UPS tàbí ínfátà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀dà kejì pamọ́ sí ilé mìíràn. Ẹ fi ètò kọ̀ǹpútà Memtest86 yẹ RAM wò. Ìgbà náà ni kí ẹ wá ECC.

Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, ẹ rí i dájú pé bọ́ọ̀dù àti prósẹ́sọ̀ méjèèjì gba ECC. Àtúnṣe tó wà nínú RAM DDR5 fúnra rẹ̀ kò tó: inú ṣíìpù nìkan ló ń ṣọ́, kò ṣọ́ ọ̀nà tó dé prósẹ́sọ̀.

Fíìmù tí a wò tán ṣeé tún wá. Fọ́tò ìyá ẹni tó ti lọ kò ṣeé yà lẹ́ẹ̀kejì, òun ló sì yẹ kí a ná owó ECC lé lórí.