Kí Ni Ó Yí Padà Láti Àná?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò ní alẹ́ òní jẹ mọ́ ohun kan tí ó ti rọra wọ àárín wa ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn. Ohun náà ni àkọsílẹ̀ tí fóònù àti aago ọwọ́ ìgbàlódé ń ṣe nípa ìrìn wa, oorun wa àti bí ọkàn wa ti ń lù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ̀ pé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mọ bí ó ti ń ti inú ètò kọ̀ǹpútà kan bọ́ sínú òmíràn, àti ohun tí ó lè sọnù lójú ọ̀nà.

Àwọn àgbà wa a máa wí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ìdí ọ̀rọ̀ wa gan-an nìyẹn. Ètò kọ̀ǹpútà tí ó bá fẹ́ mọ ipò ara ènìyàn kò lè béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì jókòó. Ó ní láti máa padà wá, kí ó máa béèrè pé, "Kí ni ó yí padà láti ìgbà tí mo ti wá kẹ́yìn?" Bí ó bá béèrè ìbéèrè yìí lọ́nà òdì, oníṣègùn lè gba aláìsàn nímọ̀ràn lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rárá.

IBI TÍ ÀKỌSÍLẸ̀ TI Ń WÁ

Ẹ̀rọ tí ń ka ìṣísẹ̀ kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1965 ni ilé iṣẹ́ Yamasa ní ilẹ̀ Japan gbé ọ̀kan jáde, tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀, èyíinì ni 10,000. Ti òde òní wà nínú fóònù àti nínú aago ọwọ́: ohun tíńtín kan ni, tí ó máa ń mọ̀ ọ́n lára bí a bá mì ín. Ètò kọ̀ǹpútà a wo bí mímì náà ti ń tẹ̀ lé ara wọn, a sì pinnu pé, "Ìṣísẹ̀ kan nìyí."

Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé mímì ni ó ń kà, ó lè ṣì í kà. Ẹ jẹ́ kí a fi baba ahunṣọ kan ní Ìṣẹ́yìn ṣe àpẹẹrẹ. Ta ni kò mọ Ìṣẹ́yìn mọ́ sányán, àlàárì àti ẹtù? Bí baba yìí bá jókòó sídìí òfì rẹ̀ láti òwúrọ̀, tí ó sì fi aago sí ọrùn ọwọ́ tí ó fi ń ju ọkọ̀ òfì sọ́tùn-ún sósì, aago náà lè ka jíju ọwọ́ sí ìrìn ẹsẹ̀. Bákan náà ni ó lè rí fún ẹni tí ó gun alùpùpù lójú ọ̀nà gbágungbàgun.

Ká ní dókítà ti sọ fún baba yìí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé kí ó máa rìn dáadáa. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ní 2020 pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá níwọ̀ntúnwọ̀nsì fún 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Dókítà yóò wo àkọsílẹ̀ láti mọ̀ bóyá baba ń gbọ́ràn. Bí àkọsílẹ̀ bá wá ń pe ìjókòó ní ìrìn, ewu ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

ẸNU Ọ̀NÀ LÁÀRIN ÈTÒ ÀTI ÈTÒ

Ètò tí ó kọ àkọsílẹ̀ nìkan kọ́ ni ó máa ń lò ó. Ètò aago ń kọ, ètò ilé ìwòsàn ń kà, ètò eré ìdárayá mìíràn ń kọ, ó sì ń kà pẹ̀lú. Wọn kì í já wọ inú ara wọn bí olè. Ẹnu ọ̀nà kan wà tí ó ní òfin: bí a óò ti béèrè, ohun tí a óò rí gbà, àti ohun tí a kò ní fún ni. Ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní API.

Lórí fóònù Android, Health Connect ni ibi tí a ń kó irú àkọsílẹ̀ yìí jọ sí. Google àti Samsung ni wọ́n jọ gbé e kalẹ̀ ní 2022; ní 2023 ó di ara Android 14 fúnra rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀ ni Google Fit ti wà láti 2014. Google Fit náà ní ẹnu ọ̀nà tí a fi ń béèrè àyípadà, ìdáhùn rẹ̀ a sì pín sí méjì: ohun tí a fi kún un àti ohun tí a yọ kúrò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni Google kò ti gba ẹni tuntun sí ẹnu ọ̀nà ti Fit mọ́. Inú fóònù ni Health Connect ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí, ètò kankan kò sì lè kà á láìgba àṣẹ olóhun. Àṣẹ ìṣísẹ̀ wà lọ́tọ̀, ti oorun wà lọ́tọ̀.

ÌWÉ ALÁJỌ

Báwo wá ni ètò ilé ìwòsàn yóò ti mọ ohun tí ó yí padà? Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé alájọ wé e. Ká ní alájọ kan ní ọjà Ṣakí ní ọmọ iṣẹ́ tí ń da ìwé rẹ̀ kọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọmọ náà lè gbà ṣe é.

Èkínní, ó lè da gbogbo ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní alaalẹ́. Òótọ́ ni yóò kọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ní tán láéláé. Ètò tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ yóò máa jẹ bátìrì fóònù, yóò sì máa jẹ dátà bí ó bá ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn lójoojúmọ́.

Èkejì, ó lè kọ kìkì ohun tí ó ní déètì òní. Èyí dùn ún gbọ́, àmọ́ ihò wà nínú rẹ̀. Ká ní baba ahunṣọ wa gun Òkè Adó-Àwáyè lọ wo adágún Ìyàkẹ́ ní ọjọ́ Ajé, tí aago wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí fóònù rẹ̀ ti kú sílé. Ọjọ́bọ̀ ni ó tó rí iná gba agbára sí fóònù náà, tí aago sì tó ròyìn fún un. Déètì ọjọ́ Ajé ni àkọsílẹ̀ náà gbé wọlé ní Ọjọ́bọ̀. Ètò tí ó bá ń béèrè ohun tí ó ní déètì Ọjọ́bọ̀ nìkan kò ní rí i títí láé. Gbogbo làálàá òkè gígùn náà di òfo.

Ẹ̀kẹta, ó lè fi àmì sí ibi tí ó dé nínú ìwé. Kì í ṣe déètì tí ó wà lára àkọsílẹ̀ ni ó ń wò, bí kò ṣe ìgbà tí a kọ ọ́ wọlé. Ohunkóhun tí alájọ bá kọ, tàbí tí ó pa rẹ́, lẹ́yìn àmì náà, ọmọ iṣẹ́ yóò rí i. Ọ̀nà yìí ni Health Connect ń lò.

BÍ A TI Ń LO ÀMÌ

Ètò ilé ìwòsàn yóò kọ́kọ́ gba àmì, kí ó tó ka ohunkóhun. Kí ni ìdí? Ìdí ni pé nǹkan tuntun lè wọlé nígbà tí kíkà ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ti gba àmì ṣáájú yóò padà bá nǹkan náà. Lẹ́yìn èyí ni yóò ka àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá.

Nígbà tí ó bá tún padà wá, yóò fi àmì hàn. Health Connect yóò kó àwọn àyípadà fún un, yóò sì fún un ní àmì tuntun. Bí àyípadà bá pọ̀, wọn kì í wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò ní láti máa béèrè títí tí wọn yóò fi sọ fún un pé ó tán. Kí ó kọ́kọ́ tọ́jú àyípadà ná, kí ó tó fi àmì tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Bí fóònù bá kú láàrin méjèèjì, yóò kàn tún gba ohun kan náà lẹ́ẹ̀kejì ni. Àtúngbà kò burú, nítorí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, a kò sì ní kà á ní ìlọ́po méjì. Ohun tí ó bá fò ni a kò rí mọ́.

Ètò tí ó ń kọ tí ó sì ń kà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra pẹ̀lú. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ yóò wà lára àyípadà. Bí kò bá yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀, yóò dà bí ẹni tí ó kígbe lẹ́bàá Òkè Àsabàrí, tí ó wá ń dá gbohùngbohùn ara rẹ̀ lóhùn.

OHUN TÍ A YỌ KÚRÒ

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wá gbóná. Baba ahunṣọ wo fóònù rẹ̀, ó rí i pé ọjọ́ tí òun jókòó sídìí òfì láti àárọ̀ di alẹ́ ni wọ́n kọ 9,000 ìṣísẹ̀ fún òun. Olóòótọ́ ni baba. Ó pa á rẹ́. Kí ni Health Connect yóò sọ fún ètò ilé ìwòsàn? Kò ní sọ pé ìṣísẹ̀ 9,000 ni a yọ. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ àkọsílẹ̀ náà nìkan ni yóò dá, yóò ní ó ti kúrò.

Nítorí náà, ètò tí ó bá kàn ro gbogbo ìṣísẹ̀ pọ̀ sí àpapọ̀ kan, tí kò tọ́jú nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn, kò ní mọ ohun tí yóò yọ. Baba ti pa á rẹ́ lọ́wọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ṣì máa "rìn" nínú ìwé dókítà. Kì í ṣe ètò kéékèèké nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nígbà tí Apple gbé HealthKit jáde ní 2014, ìbéèrè tí wọ́n ń fi àmì ṣe ń sọ ohun tuntun nìkan; iOS 9 ní 2015 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tí a pa rẹ́.

BÍ ỌGBỌ̀N ỌJỌ́ BÁ KỌJÁ

Àmì Health Connect kì í pẹ́ ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bàjẹ́, tí ó ń dúró de owó ìkórè kí ó tó tún un ṣe, lè kọjá gbèdéke yìí láìmọ̀. Ètò yóò wá gba àmì tuntun, yóò sì tún àkọsílẹ̀ kà. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí ó kàn máa fi ohun tí ó bá rí kún ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí olóhun pa rẹ́ láàrin àkókò náà yóò wà nínú ìwé títí ayé, nítorí kò sí ẹni tí yóò ròyìn wọn mọ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó fi ìwé méjèèjì wé ara wọn fún gbogbo ọjọ́ tí a fún un láyè láti kà, kí ó yọ ohunkóhun tí kò sí lọ́wọ́ olóhun mọ́.

Ọ̀rọ̀ òfin sì wà níbẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun ẹlẹgẹ́. Ó fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí a pa ohun tí a kọ nípa rẹ̀ rẹ́, àti láti gba àṣẹ tí ó fi sílẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n fóònù kò lè na ọwọ́ lọ sí ilé ìwòsàn lọ pa ẹ̀dà rẹ́. Ó lè ròyìn nìkan ni. Ọwọ́ ẹni tí ó kọ ètò ni ìgbọ́ràn wà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní Pólì Òkè-Ògùn ní Ṣakí àti níbi gbogbo, bí ẹ bá ń dán ètò yín wò, ẹ má ṣe dán àfikún nìkan wò. Ẹ pa nǹkan rẹ́, ẹ sì wò ó bóyá ètò yín gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi aago sọ́wọ́, ẹ wo inú fóònù yín kí ẹ mọ ètò tí ẹ fún láṣẹ. Bí ẹ bá sì pa ohun kan rẹ́, ẹ wí fún dókítà yín pẹ̀lú ẹnu. Ìwé tí ó mọ̀ ọ́n kọ ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ ọ́n pa rẹ́, ìdajì òtítọ́ ni ó ń sọ.