Ooru Inú Ayé àti Ìrìn Ilẹ̀

Kò sí ohun tí ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé tó ilẹ̀. Orí rẹ̀ ni a ń kọ́lé sí, inú rẹ̀ ni a ń gbin iṣu sí, a kì í sì í bẹ̀rù pé yóò ṣí kúrò kí ojúmọ́ tó mọ́. Síbẹ̀, ilẹ̀ ń rìn. Ohun tí ó sì ń mú un rìn ni ooru tí ń bẹ nínú ayé.

Bí a bá wo àwòrán ayé, a ó rí i pé igun ilẹ̀ Brazil tí ó yọ síwájú ìbá wọ inú kọ̀rọ̀ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bí igbá kan tí ó là sí méjì. Ní ọdún 1912, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Alfred Wegener, sọ pé ilẹ̀ kan náà ni méjèèjì jẹ́ rí. Ó tọ́ka sí egungun ẹranko afàyàfà kékeré kan, Mesosaurus, tí ó ti di òkúta ní gúúsù Áfíríkà àti ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Irú ẹranko bẹ́ẹ̀ kò lè lúwẹ̀ẹ́ la òkun ńlá já. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé bi í pé agbára wo ni ó lè ṣí ilẹ̀ nípò. Kò rí èsì tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn títí ó fi kú sórí yìnyín Greenland ní ọdún 1930.

Abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ni èsì náà wà. Láti ojú ilẹ̀ dé àárín gbùngbùn ayé tó nǹkan bí kìlómítà 6,370. Omi ń hó ní ìwọ̀n 100 Sẹ́ńtígíréèdì, ṣùgbọ́n ooru àárín ayé ju 5,000 lọ. Orísun méjì ni ooru yìí ní. Èkíní ni èyí tí ó ṣẹ́kù láti ìgbà tí ayé ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 4,500,000,000 ọdún sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ààrò ti í gbóná lẹ́yìn tí a bá pa iná rẹ̀. Èkejì ni àwọn èròjà bíi yùréníọ̀mù àti tọ́ríọ̀mù tí ń bẹ nínú òkúta. Wọ́n ń fọ́ díẹ̀díẹ̀ fúnra wọn, bí wọ́n sì ti ń fọ́ ni wọ́n ń tú ooru jáde.

Ojú ilẹ̀ kì í ṣe odidi kan. Ó pín sí abala ńláńlá, bí èèpo ẹyin sísè tí ó ti sán. Lábẹ́ àwọn abala wọ̀nyí ni àpáta gbígbóná wà. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé àpáta náà ti yọ́ di omi. Irin tí alágbẹ̀dẹ fi sínú iná kò yọ́, síbẹ̀ ó rọ̀ fún ọmọ owú. Bẹ́ẹ̀ ni àpáta yìí rí: ó le, ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó ń ṣàn.

Kí Wegener tó kú ni Arthur Holmes, ọ̀mọ̀wé ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti dábàá pé ooru ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ wo ìkòkò ẹ̀wà lórí iná. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ gbóná, ó fúyẹ́, ó sì ru sókè. Nígbà tí ó dé òkè, ó yà sí ẹ̀gbẹ́, ó tutù díẹ̀, ó wúwo, ó sì tún rì sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àpáta inú ayé ń ṣe, àfi pé ohun tí ìkòkò ń ṣe ní ìṣẹ́jú kan, ayé a máa fi ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún ṣe é.

Ní àárín òkun Àtìláńtíìkì, abala méjì ń ya kúrò lára ara wọn. Àpáta gbígbóná ń gòkè wá dí àlàfo wọn, apá kan rẹ̀ ń yọ́, ó sì ń di ìsàlẹ̀ òkun titun. Nípa bẹ́ẹ̀, Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ń fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3 jìnnà sí ara wọn lọ́dọọdún, bí èékánná ti ń hù. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: láàárín 100,000,000 ọdún, sẹ̀ǹtímítà 3 lọ́dún di kìlómítà 3,000.

Ṣùgbọ́n ayé kò tóbi sí i. Bí ilẹ̀ titun bá ń jáde níhìn-ín, ti àtijọ́ ní láti wọlé lọ́hùn-ún. Ní ìwọ̀-oòrùn Gúúsù Amẹ́ríkà, ìsàlẹ̀ òkun Pàsífíìkì tí ooru rẹ̀ ti dínkù ti wúwo, ó sì ń rì sábẹ́ ilẹ̀ Chile àti Peru. Bí ó ti ń rì ni ó ń fa ìyókù lẹ́yìn, bí aṣọ tútù tí ìṣẹ́tí rẹ̀ ti kọ́ sínú ọpọ́n omi. Àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní gbà pé ìfà yìí ni ó lágbára jù lọ nínú ohun tí ń mú àwọn abala rìn.

Ìrìn náà kì í fi ìgbà gbogbo lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Abala méjì a máa há mọ́ ara wọn fún ọdún púpọ̀, lẹ́yìn náà wọn a já lójijì. Báyìí ni ó rí ní Chile ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1960. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ náà ni ó lágbára jù lọ nínú gbogbo èyí tí a ti wọ̀n rí. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 9.5. Ilé wó ní ìlú Valdivia, ìgbì òkun sì ru láti ibẹ̀ lọ pa ènìyàn ní Hawaii àti ní Japan. Àwọn ará Chile kọ́gbọ́n. Wọ́n ṣe òfin líle nípa ilé kíkọ́, nígbà tí ilẹ̀ sì tún mì ní ọdún 2010 ní ìwọ̀n 8.8, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé tí a kọ́ ní ìbámu pẹ̀lú òfin náà ni kò wó.

Ènìyàn kò lè pa iná tí ń bẹ nínú ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ pé orí ohun tí ń rìn ni ilé òun wà, yóò mọ irú ilé tí ó yẹ kí òun kọ́.