Server Láíbìrì àti Owó Dátà Àwọn Ọmọ Wa

Admin yín ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè gbọ́ voice note nínú ariwo ọjà, ọmọ mi ló bá mi tẹ èyí jáde.

Lánàá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa béèrè pé kí ló dé tí ọmọ òun ní yunifásítì ń gba owó dátà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tí kọ̀ǹpútà wà ní láíbìrì wọn. Wọ́n ní àbí ọmọ náà ń fi irọ́ gba owó ni? Kíá, àwọn kan ti dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi. Ẹ ní sùúrù ná.

Àwa tí à ń tajà ní Jos níbí, ṣé ojoojúmọ́ la máa ń lọ sí Èkó ni? Rárá. A ó kó ọjà wá lẹ́ẹ̀kan, a ó kó o sí sítọ̀. Tí oníbàárà bá fẹ́ páálí kan, ọmọ iṣẹ́ á sáré lọ gbé e wá. Tó bá wá béèrè ohun tí kò sí ní sítọ̀, ó di Èkó nìyẹn: ẹ ó san owó mọ́tò, ẹ ó sì dúró.

Server ni sítọ̀ yẹn. Kọ̀ǹpútà ni òun náà, àmọ́ kì í ṣe èyí tí ọmọ ń jókòó sí nídìí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó tọ́jú nǹkan, kó sì máa dá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lóhùn tọ̀sán tòru. Wáyà ló so wọ́n pọ̀. Àwọn wáyà yẹn á pàdé lára àpótí kan tí wọ́n ń pè ní switch, ihò pọ̀ lára rẹ̀ bíi ti extension iná. Òun ló ń mọ ẹni tó béèrè, tó sì ń gbé nǹkan fún ẹni náà gan-an. Inú ọgbà ilé ìwé ni gbogbo èyí parí sí, kò la ti dátà lọ.

Íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà Èkó. Ọ̀nà tóóró kan ló jáde nínú ọgbà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sì fẹ́ jọ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣáà mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lọ́kọ́jà.

Jos wa yìí gan-an ni ẹnì kan ti rí ọgbọ́n sí i. Ní 1999, òyìnbó Amẹ́ríkà kan, Cliff Missen, wá ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Jos. Ó rí i pé íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n, ó sì ń fà bí ìgbín. Nígbà tó padà sí Yunifásítì Iowa, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní WiderNet. Wọ́n ń tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ìwé, wọ́n ń da ìwé náà kọ sórí hard disk, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwé tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kò dáa. Wọ́n pè é ní eGranary, ìyẹn àká, ohun tí àwọn Hausa ń pè ní rumbu. Ohun kíkà inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá, Wikipedia wà níbẹ̀. Yunifásítì Jos wà lára àwọn tó lò ó. Ọmọ á tẹ̀ ẹ́, ìwé á ṣí, kọ́bọ̀ kan kò jáde.

Àmọ́ àká kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí. Iṣẹ́ tí olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́, ìwé tuntun, òde ni wọ́n wà. Ọmọ tó ń gbé ní ìgboro náà, wáyà láíbìrì kò dé yàrá rẹ̀. Tí iná bá sì lọ, tí dísù bá tán nínú jẹnẹrétọ̀, server náà á kú. Òtútù Jos yìí bá a lára mu ju àwa lọ, torí ooru ló ń bà á jẹ́, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ máa ń dí fáànù rẹ̀.

Ohun kan tún kù. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ nígbà tí ọjà Terminus jóná ní 2002. Ọjà ọ̀gá mi jóná, ìwé gbèsè náà jóná. Àwọn kan wá san owó wa fúnra wọn. Àwọn kan ní àwọn kò jẹ wá ní nǹkan kan, kí la fẹ́ fi hàn wọ́n? Hard disk náà máa ń bàjẹ́ lójijì báyẹn. Ẹni tó ń tọ́jú server dáadáa máa ń ní ẹ̀dà kejì, ní ilé mìíràn. Tí ọmọ yín bá ń kọ project, tó jẹ́ orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà, ẹ sọ fún un kó dà á sórí flash lónìí, kó tún fi ránṣẹ́ sí email ara rẹ̀.

Ìyá wa, ẹ pe ọmọ yín. Ẹ bi í bóyá ohun tó ń kà wà lórí server láíbìrì wọn tàbí òde ló ti ń wá a. Ẹ tún bi í bóyá iná ń wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó bínú. Oníbàárà ti dúró sí mi lọ́rùn, mo ń bọ̀.